Ọmọ yín fẹ́ẹ́ máa kànṣẹ́ gbowó? Ẹ yẹ ojú àti ọpọlọ rẹ̀ wò kó tó tọwọ́ bọ̀wé

Ìyá tó bá bí ọmọ tó ń kànṣẹ́ nìkan ló mọ ohun tójú òun ń rí. Ilẹ̀ ò ní í tíì mọ́ tọ́mọ á ti sáré jáde láti Múṣin, ó di pápá ìṣeré ìjọba tó wà ní Sùúrùlérè. Bó bá fi máa dé, aṣọ ọrùn rẹ̀ á ti rin gbingbin fún òógùn, ẹ̀bà tó yẹ kéèyàn mẹ́ta jẹ, òun nìkan ló máa dá a gbé mì. Ìyá á máa kùn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á máa dùn pé ọmọ òun kì í mugbó, kì í bá wọn jà nígboro. Tí wọ́n bá wá mú un lọ ṣojú ìpínlẹ̀ rẹ̀ níbi ìdíje, tó gba àmì-ẹ̀yẹ bọ̀, gbogbo àdúgbò ló máa bá wọn jó.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ ṣá, tọ́mọ yìí máa jókòó ti ìyá rẹ̀, tó máa ní, "Màámi, mo ti kànṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó. Mo fẹ́ẹ́ di pró." Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn la fẹ́ẹ́ bá ẹ̀yin òbí sọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin ìyàwó àwọn akànṣẹ́ náà, ẹ gbọ́ o.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé kéèyàn kúrò nídìí ẹ̀ṣẹ́ amatọ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ń kàn torí àmì-ẹ̀yẹ, kó bọ́ sídìí ẹ̀ṣẹ́ ọlọ́wó, kò ju ìgbà tọ́mọ bá jáde níwèé mẹ́fà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó jọ ìgbà tẹ́ni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere ṣeré ládùúgbò bá ní òun fẹ́ẹ́ máa wa tánkà epo lọ sí Kánò. Táyà ló ń yí lábẹ́ àwọn méjèèjì lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, ewu ọ̀tọ̀ sì ni.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra

Ẹ̀ṣẹ́ amatọ̀ lónìí, ráúndì mẹ́ta ni, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú kan láàárín. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni gbogbo ìjà. Ní ti ọlọ́wó, wọ́n máa ń fi ráúndì mẹ́rin tàbí mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, á lọ sókè sí mẹ́jọ, sí mẹ́wàá. Bó bá wá di pé wọ́n ń jà du bẹ́líìtì àgbáyé, ráúndì méjìlá ni, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì tí wọ́n á fi máa gbá a lórí, lójú, níhà, lẹ́dọ̀.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló tiẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀. Lóṣù kọkànlá ọdún 1982, ọmọ ilẹ̀ Kòríà Gúúsù kan tó ń jẹ́ Duk Koo Kim bá Ray Mancini, ọmọ Amẹ́ríkà, jà ní Las Vegas. Ráúndì kẹrìnlá ló ṣubú, ọpọlọ rẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀, kò sì jí mọ́ títí tó fi kú lọ́jọ́ mélòó kan sí i. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni àjọ WBC dín ráúndì kù sí méjìlá, àwọn àjọ tó kù náà sì ń tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkú ọmọ ọlọ́mọ ló dín in kù.

Ìbọ̀wọ́ wọn náà yàtọ̀. Tàwọn amatọ̀ máa ń wọn 10 tàbí 12 áńsì, bí ara akànṣẹ́ bá ṣe tóbi tó. Tàwọn ọlọ́wó, 8 áńsì ni fáwọn tí ara wọn fúyẹ́, 10 áńsì fáwọn tó tóbi. Bí òwú inú ìbọ̀wọ́ bá ṣe ń dín kù ni egungun ìka ń sún mọ́ egungun ojú.

Ọ̀rọ̀ akoto tí wọ́n ń dé sórí ńkọ́? Láti Òlíńpíìkì 1984 ni wọ́n ti ń dé e nídìí amatọ̀, ọdún 2013 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò fáwọn ọkùnrin tó ti dàgbà, Òlíńpíìkì Rio lọ́dún 2016 ni wọ́n sì kọ́kọ́ jà láìdé e láti ìgbà náà. Ẹ má jẹ́ kíyẹn ba yín lẹ́rù jù. Akoto máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ ojú tó ń bẹ́, kì í gba ọpọlọ. Ẹ ronú nípa mọ́ínmọ́ín tó wà nínú agolo, tí kò tíì dì dáadáa. Bẹ́ ẹ bá fi aṣọ tó nípọn wé agolo yẹn, tẹ́ ẹ wá mì í, ohun tó wà nínú rẹ̀ á ṣì máa gbọ̀n. Bí ọpọlọ ṣe wà nínú agbárí náà nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ́ tó bá yí orí padà lójijì ló ń ṣe ọpọlọ ní jàǹbá, akoto ò sì dá orí dúró kó má yí.

Ìyàtọ̀ tó tún tóbi jù wà níbi táwọn èèyàn kì í wò. Nídìí amatọ̀, rẹfirí kì í fọ̀rọ̀ falẹ̀. Bó bá rí i pé ẹsẹ̀ ọmọ kan ti ń gbọ̀n, á kà á dé mẹ́jọ lórí ìdúró, á wo ojú rẹ̀, á sì dá ìjà dúró láìwo ti àwọn òǹwòran. Ẹni tí wọ́n bá lù tó dákú, òfin àjọ tó ń darí ẹ̀ṣẹ́ amatọ̀ lágbàáyé ti wà fún un tipẹ́: ọgbọ̀n ọjọ́ ni kò ní í kànṣẹ́ rárá, kódà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ níbi ìdánrawò. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta, á sinmi fún 90 ọjọ́. Tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, ọdún kan gbáko ni. Nídìí ọlọ́wó, àwọn àjọ tó dáa ní irú òfin yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ìjà kalẹ̀ ti ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó fẹ́ẹ́ gbowó ti jẹ gbèsè sílẹ̀, tí wọ́n bá sì lé akànṣẹ́ padà ní Èkó, ó lè wọkọ̀ lọ síbòmíràn tí wọn ò ti mọ̀ pé ó dákú lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Ọmọ Ọlọ́jà

Ẹ jẹ́ ká wá fi èèyàn ṣàpẹẹrẹ. Ẹni tó kọ́kọ́ gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì fún Nàìjíríà, akànṣẹ́ ni, ọmọ Èkó sì ni. Nojeem Maiyegun lorúkọ rẹ̀, "Ọmọ Ọlọ́jà" làwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é. Tokyo, ní Jàpáánì, lọ́dún 1964, ó jà dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá láàárín àwọn tí ìwọ̀n wọn ò ju kílò 71 lọ. Joseph Gonzales, ọmọ Faransé, ló dá a dúró níbẹ̀, ló bá gba idẹ. Ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà náà, ó tún gba idẹ ní Kingston, lórílẹ̀-èdè Jàmáíkà, níbi ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàkóso rí. Wọ́n tún mú un lọ sí Òlíńpíìkì Mẹ́síkò lọ́dún 1968.

Kí ni àmì-ẹ̀yẹ idẹ lè rà lọ́jà Òyìngbò? Kò lè ra gàrí. Bó ṣe di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Maiyegun ti gba ilẹ̀ Austria lọ, ó di akànṣẹ́ ọlọ́wó níbẹ̀. Àwọn ọdún tó fi kàn án ò pọ̀, kò sì dé ibi tí wọ́n ti ń du bẹ́líìtì àgbáyé. Vienna, olú ìlú Austria, ló kù sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ojú rẹ̀ méjèèjì sì fọ́. Nínú òkùnkùn yẹn ló ti lo ọ̀pọ̀ ọdún. Lóṣù kẹjọ ọdún 2024, ó kú ní Vienna lẹ́ni ọdún 83. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ò mọ̀ pé ó ṣì wà láyé àfìgbà tí wọ́n kéde ikú rẹ̀.

A ò sọ pé ẹ̀ṣẹ́ ló fọ́ ọ lójú o, torí oríṣiríṣi nǹkan ló ń fọ́ni lójú lẹ́yìn ẹni ọgọ́ta ọdún. Ohun táwọn dókítà ojú fìdí ẹ̀ múlẹ̀ la fẹ́ẹ́ fà yọ níbẹ̀, pé ojú wà lára ibi tí ẹ̀ṣẹ́ ti ń bani jẹ́ láìpariwo. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ẹ̀ṣẹ́ lè fà á ya tàbí kó ṣí i kúrò lójú ibi tó lẹ̀ mọ́. Akànṣẹ́ á kàn máa rí i bíi pé kòkòrò dúdú ń fò lójú rẹ̀, tàbí kí iná máa kọ yẹ̀rì níbi tí kò sí iná, tàbí kó dà bíi pé ẹnì kan fa kọ́tìnnì bo ẹ̀gbẹ́ kan. Kò ní í dùn ún. Tó bá sọ pé kò sí nǹkan, òun á sùn ún jí, ojú náà lè lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ padà.

Èyí tó tún le ni àrùn glaucoma, tí omi inú ẹyinjú ń ru sókè tó sì ń pa iṣan ojú. Ẹ̀ṣẹ́ tó ba ojú ọ̀nà omi yẹn jẹ́ lónìí lè má fi glaucoma hàn àfìgbà tó bá di ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún sí i. Ẹ sì rántí pé àwa aláwọ̀ dúdú, àrùn náà ti pọ̀ láàárín wa tẹ́lẹ̀, ó máa ń rin ìdílé. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ àgbà ti ní in, tó wá tún ń gba ẹ̀ṣẹ́ sójú ní ráúndì mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ọmọ Ṣàgámù tó ní sùúrù

Ẹnì kejì tá a fẹ́ẹ́ mú lò, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ìlú Watford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí Anthony Joshua sí lọ́dún 1989, ṣùgbọ́n ọmọ Ṣàgámù ni, ó tiẹ̀ lo oṣù mélòó kan nílé ẹ̀kọ́ Mayflower, n'Íkẹ́nnẹ́, nígbà tó wà lọ́mọdé. Lọ́dún 2020, nígbà tó lọ sílé, ó dọ̀bálẹ̀ fún Akarigbo, àwọn èèyàn sì yìn ín pé òyìnbó ò tíì ba ọmọ yìí jẹ́.

Ẹni ọdún 18 ni kó tó kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́, lọ́dún 2007, nígbà tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan mú un lọ sílé ìkànṣẹ́ Finchley ní London. Ọdún 2010 ló gba ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bá gbé ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta owó pọ́n-ùn síwájú rẹ̀ pé kó di pró. Ó ní òun ò gbà, àmì-ẹ̀yẹ lòun ń wá. Lọ́dún 2011, ó gba fàdákà nídìíje àgbáyé ní Baku, àmì ẹyọ kan ni wọ́n fi jù ú. Lọ́dún 2012, ní Òlíńpíìkì London, òun àti Roberto Cammarelle, ọmọ Ítálì, jọ gba àmì 18 sí 18, wọ́n sì fún un ní wúrà nígbà tí wọ́n tún ìwé àwọn adájọ́ kà. Ẹ ò rí i pé bó bá ṣe pé ó gba owó 2010 yẹn ni, kò bá má di ẹni tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀.

Lẹ́yìn tó gba wúrà tán pàápàá, kò kánjú. Oṣù kẹwàá ọdún 2013 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ja ìjà ọlọ́wó àkọ́kọ́, tó lu Emanuele Leo ní ráúndì kìn-ín-ní. Wọ́n ń fún un ní alátakò díẹ̀díẹ̀, bí ìyá ṣe ń fi omi ọ̀rì bọ́ ọmọ kó tó kan iyán. Ìjà kẹrìndínlógún ló tó gba bẹ́líìtì àgbáyé IBF lọ́wọ́ Charles Martin lóṣù kẹrin ọdún 2016.

Ẹ wá wo ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Wladimir Klitschko ní Wembley lóṣù kẹrin ọdún 2017, lójú èèyàn bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún. Ráúndì karùn-ún ni Joshua kọ́kọ́ gbá ọ̀gbẹ́ni yẹn ṣubú. Ní ìkẹfà, òun náà nà gbalaja sílẹ̀. Ìkọkànlá ni rẹfirí tó dá a dúró, tí Joshua borí. Tó bá jẹ́ amatọ̀ ni, ìjà yẹn ti parí kẹ́nikẹ́ni nínú wọn tó ṣubú. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ráúndì kẹta, ara tí kò tíì gbó sídìí iṣẹ́ náà kò lè gbà á. Lọ́dún 2019, ní New York, ẹni tó yẹ kó bá jà kùnà àyẹ̀wò oògùn, nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ìjà ni wọ́n wá Andy Ruiz wá rọ́pò, ó sì gbá Joshua ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó dá ìjà dúró ní ráúndì keje. Nídìí ọlọ́wó, ẹni tó o múra sílẹ̀ dè kọ́ lo lè bá pàdé.

Ẹ má wá torí èyí máa bú ọmọ tiyín pé kò ní sùúrù bíi Joshua. Owó tẹ́tẹ́ lọ́tìrì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń bọ́ àwọn akànṣẹ́ orílẹ̀-èdè wọn ní Sheffield, dókítà wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣètò oúnjẹ wà níbẹ̀. Ọmọ tí ìjọba ń bọ́ lè kọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Ọmọ tiwa tó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ tó ń ta ata ló ń bọ́ ọ, tí wọ́n bá nawọ́ owó kékeré sí i fún ráúndì mẹ́fà, ṣé ó lè kọ̀ ọ́? Ebi ló ń sọ ọ̀pọ̀ wọn di pró kó tó yá. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé kí ọmọ tó ń kànṣẹ́ ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, ì báà jẹ́ mẹkáníìkì, ì báà jẹ́ aṣọ rírán. Ẹni tó ní ohun tó ń jẹ lọ́wọ́ ló lè sọ fún máníjà pé òun ò jà lóṣù yìí.

Ẹ̀ṣẹ́ ò pa èèyàn lójú ẹsẹ̀ nìkan

Ohun tí ẹ̀ṣẹ́ púpọ̀ ń ṣe fún ọpọlọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Láti ọdún 1928 ni dókítà kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Harrison Martland, ti kọ̀wé nípa àwọn akànṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ń rìn bí ọ̀mùtí bẹ́ẹ̀ ni wọn ò mutí. Wọ́n á máa gbàgbé nǹkan, ahọ́n wọn á máa wúwo, inú á máa tètè bí wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ríìngì sílẹ̀ lèyí máa ń bẹ̀rẹ̀.

Muhammad Ali gba wúrà ní Róòmù lọ́dún 1960, kódún náà tó parí ó ti di pró. Ìjà ọlọ́wó 61 ló jà títí di oṣù kejìlá ọdún 1981. Lọ́dún 1984, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 42, àwọn dókítà sọ pé ó ní àrùn Parkinson, èyí tó ń gbọ̀n èèyàn lọ́wọ́ tó sì ń gba ohùn lẹ́nu ẹni. Ẹni tẹ́nu rẹ̀ dùn jù láàárín gbogbo akànṣẹ́ ayé ló di ẹni tí kì í lè sọ̀rọ̀ sókè mọ́, kó tó kú lọ́dún 2016. Àwọn dókítà ṣì ń jiyàn bóyá gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ́ fà. Èmi ò rò pé ìyá kankan nílò kí wọ́n parí àríyànjiyàn yẹn kó tó bi ọmọ rẹ̀ pé ìjà mélòó ló fẹ́ẹ́ jà.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, ọdún 2025. Segun Olanrewaju, tí wọ́n ń pè ní Success, ọmọ Nàìjíríà tó ti gba bẹ́líìtì orílẹ̀-èdè yìí àti ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà rí, ń jà ní gbọ̀ngàn Bukom, ní Accra. Ẹni ogójì ọdún ni. Ní ráúndì kẹta, ó rọ̀ mọ́ okùn ríìngì, ó sì ṣubú. Wọ́n gbé e dé ọsibítù ńlá Korle Bu, ó kú. Ìjọba Gánà dá ẹ̀ṣẹ́ kíkàn dúró fúngbà díẹ̀ lórílẹ̀-èdè wọn lẹ́yìn ìgbà náà.

Kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé èyíkéyìí, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ ṣàyẹ̀wò. Kí dókítà ojú fi oògùn là á lójú, kó wo ẹ̀yìn ẹyinjú, kó sì wọn bí omi ojú ṣe ru tó. Kí wọ́n fẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, kí wọ́n tọ́jú àwòrán náà, torí ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fi èyí tuntun wé e. Kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún HIV àti hepatitis B àti C, nítorí ẹ̀jẹ̀ máa ń fọ́n láti ara ẹnì kan sí ẹnì kejì nínú ríìngì. Kí ẹ mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ pẹ̀lú. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, pàápàá owó àwòrán ọpọlọ. Pròmótà tó bá ní òun nífẹ̀ẹ́ ọmọ yín, ẹ ní kó kọ́kọ́ san ìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwọ̀n

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara ń pa wọ́n lára ju báwọn ará ilé ṣe mọ̀ lọ. Nídìí amatọ̀, àárọ̀ ọjọ́ ìjà ni wọ́n ń gorí ìwọ̀n, nítorí náà kò sáyè àtifi ara gbẹ jù. Nídìí ọlọ́wó, ọjọ́ tó ṣáájú ìjà ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí akànṣẹ́ máa rò pé òun lè fún omi jáde lára bí ẹni fún aṣọ, kóun gorí ìwọ̀n, kóun sì mu omi padà mọ́jú. Wọ́n á wọ ọ̀rá abẹ́ aṣọ sáré lóòrùn, wọn ò ní í mu omi fún odidi ọjọ́ kan, àwọn mìíràn á gbé oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ mì. Omi tí wọ́n mu padà lóru kan kì í tó láti dá ara padà bó ṣe wà, wọ́n sì ń kìlọ̀ pé ọpọlọ tí omi rẹ̀ ti gbẹ ò fara da ẹ̀ṣẹ́ bó ṣe yẹ. Kíndìnrín náà ń jẹ ìyà ẹ̀.

Oògùn ìtọ̀ yẹn pàápàá, èèwọ̀ ni nínú eré ìdárayá. Ṣáájú Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 2024, wọ́n ní àyẹ̀wò ìtọ̀ Cynthia Ogunsemilore, ọmọbìnrin Nàìjíríà tó ń kànṣẹ́, gbé furosemide jáde, wọ́n sì dá a dúró kó tó ja ìjà kankan. Oògùn tí dókítà ń kọ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ tó ń kànṣẹ́ sún mọ́ àpótí oògùn ìyá àgbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáná, iṣẹ́ yín nìyí. Láti oṣù méjì ṣáájú ìjà ni kí ìwọ̀n ti máa bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. Ẹ dín òkèlè kù, ẹ má yọ ọ́ kúrò pátápátá, torí ibẹ̀ ni agbára wà. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja tútù, ẹran tí kò lọ́ràá ni kó pọ̀. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ tí epo rẹ̀ ò pọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọsàn. Ẹ lé mínírà àti bọ́ọ̀sì àárọ̀ jìnnà. Tó bá jẹ́ pé àfi tí ọmọ bá febi para rẹ̀ kó tó wọ ìwọ̀n tí máníjà fẹ́, ìwọ̀n yẹn kì í ṣe tiẹ̀, kó gòkè lọ sí èyí tó kàn.

Alẹ́ ọjọ́ ìjà

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà jù. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà láàárín agbárí àti ọpọlọ lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Akànṣẹ́ á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò níbi ìjà, á bá ẹ rẹ́rìn-ín, á jẹun, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lórí ibùsùn. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan lóru ọjọ́ yẹn. Ẹ má jẹ́ kó gun ọ̀kadà tàbí wakọ̀ lọ sílé. Ẹ má fún un lọ́tí, ẹ má fún un ní oògùn oorun, ẹ má sì fún un ní aspirin tàbí ibuprofen, torí wọ́n lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí i. Àgbo náà, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì kàn án.

Bí orí bá ń fọ́ ọ tó sì ń le sí i, bó bá ń bì, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bá já gaara mọ́, bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan bá rọ, bí wárápá bá gbé e, tàbí tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹyin dúdú ojú kan fẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Bákan náà ni bó bá ń sùn tí jíjí rẹ̀ ń nira. Ọsibítù ńlá tí wọ́n ti lè ya àwòrán ọpọlọ, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ abẹ orí, ni kẹ́ ẹ gbé e lọ tààrà, irú bíi LUTH n'Ídí-Àràbà tàbí UCH ní Ìbàdàn, níbi tí olóògbé Dókítà Latunde Odẹku ti dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ lọ́dún 1962. Kílíníìkì àdúgbò tó máa gbé dríìpù kọ́ ọ lọ́wọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́ kò lè ṣe é. Wákàtí ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó sì jẹ́ pé orí kàn fọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, kò gbọdọ̀ padà sídìí ìdánrawò títí orí fífọ́ náà á fi lọ pátápátá tí dókítà á sì yọ̀ǹda fún un. Ẹ̀ṣẹ́ kékeré tó bá ba ọpọlọ tí kò tíì san ló máa ń ṣe ohun tí ẹ̀ṣẹ́ ńlá ò ṣe.

Ìwé tó fẹ́ẹ́ tọwọ́ bọ̀

Lọ́pọ̀ ibi, máníjà máa ń mú nǹkan bí ìdámẹ́rin owó ìjà, kóòṣì á mú ìdámẹ́wàá, wọ́n á yọ owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, ohun tó kù ni tọmọ yín. Ìyẹn ò burú bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ tí gbogbo yín sì mọ̀. Kí lọ́yà ka ìwé náà, kì í ṣe ọ̀rẹ́ máníjà. Ẹ wò ó bóyá àjọ tó ń darí ẹ̀ṣẹ́ ọlọ́wó ní Nàìjíríà mọ̀ nípa ẹni tó fẹ́ẹ́ mú un, kí ẹ sì béèrè pé ọdún mélòó ni wọ́n fi de ọmọ náà mọ́lẹ̀, torí ìwé ọdún mẹ́wàá wà níta tí ọmọ ogún ọdún ń tọwọ́ bọ̀ nítorí fóònù tuntun.

Ẹ wá ojú ìwé tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú sí. Bí wọ́n bá lu ọmọ yín lọ́wọ́ ìjà tí wọ́n wà nílùú òkèèrè, ta ló máa sanwó ọsibítù? Ta ló máa sanwó àtigbé e wálé? Ṣé áńbúláǹsì àti dókítà máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìngì kí agogo tó dún? Ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ ẹni tó máa sanwó náà síbẹ̀, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ sí i. Tí wọ́n bá ní kò sí àyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àwọn, kí ọmọ dá bírò padà fún wọn, kó máa bọ̀ nílé.